Ẹ Bi Wá: Bí Sáfíìsì Yóò Ṣe Máa Dìde Fúnra Rẹ̀ Tí Iná Bá Dé

Lẹ́tà pọ̀ láti Òṣogbo lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì gba ẹnu púpọ̀ nínú wọn: àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Linux, tí kò ní ojú tí à ń tẹ̀, tí a kì í rántí pé wọ́n wà àfi tí wọ́n bá kú. Sáfíìsì la ó máa pè wọ́n níbí. A ti da àwọn lẹ́tà tó jọra pọ̀ mọ́ ara wọn, a sì gé àwọn tó gùn kù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé ìtẹ̀wé àti káfẹ́ ni mo ní ní Òkè-Fíà. Ètò kan tí wọ́n fi Python kọ ló ń bá wa ṣírò owó oníbàárà lórí Ubuntu. Ọmọ tó gbé e kalẹ̀ ní ká máa ṣí tẹ́mínà, ká tẹ `nohup python3 app.py &`, ká sì pa tẹ́mínà dé. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí wọ́n sì mú un dé, àfi kí ẹnìkan tún wá tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn á kàn kú fúnra rẹ̀, a ò ní mọ̀ títí oníbàárà á fi máa bínú. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni nohup ń ṣe: kò jẹ́ kí ètò yín kú nígbà tí ẹ bá pa tẹ́mínà. Kò mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà tàn, kò mọ ìgbà tí ètò kú, kò sì lè gbé e dìde. Ẹ fa iṣẹ́ yẹn lé systemd lọ́wọ́. Òun ni ètò àkọ́kọ́ tó ń dìde lórí Ubuntu, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1, láti ẹ̀dà 15.04 tó jáde ní 2015 ló sì ti wà níbẹ̀. Ẹ ò ní ra nǹkan kan, ẹ ò sì ní gba nǹkan kan wálẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ fún ètò náà, kó má baà máa fi agbára root (aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ) ṣiṣẹ́:

```
sudo useradd --system --no-create-home --shell /usr/sbin/nologin isiro
```

Ẹ kó kóòdù náà sí `/opt/isiro`. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fáìlì `/etc/systemd/system/isiro.service` sílẹ̀, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

```
[Unit]
Description=Isiro owo kafe
After=network.target

[Service]
User=isiro
WorkingDirectory=/opt/isiro
ExecStart=/usr/bin/python3 /opt/isiro/app.py
StateDirectory=isiro
Environment=PYTHONUNBUFFERED=1
Restart=on-failure
RestartSec=5

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Kí ẹ tó tan èyí, ẹ pa ti nohup tó ṣì ń ṣiṣẹ́: `sudo pkill -f app.py`. Bí ẹ kò bá pa á, òun ló ṣì di pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń gba ọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) mú, ti tuntun á sì máa ké pé "Address already in use". Ó wá ku àṣẹ méjì:

```
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now isiro
```

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. `start` ń tan sáfíìsì nísinsìnyí. `enable` ń sọ fún systemd pé kó máa tàn án nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá dìde. Ẹni tó bá lo `start` nìkan á rò pé iṣẹ́ ti parí, títí iná á fi lọ. `--now` tí a fi kún un ló ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ìlà ExecStart dáadáa. Kì í gba inú shell (ètò tó ń ka àṣẹ tí a bá tẹ̀ sí tẹ́mínà) kọjá, nítorí náà `~`, `>` àti `&&` kò ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tó pé láti `/` ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi `&` sí ìparí rẹ̀, torí systemd á fi àmì yẹn ránṣẹ́ sí ètò yín bí ọ̀rọ̀ lásán. Ètò gbọ́dọ̀ dúró síwájú, kó má sá sábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Systemd ló ń fi í sábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kó àwọn láíbìrì Python sínú venv (fódà láíbìrì ti ètò kan ṣoṣo), ẹ fi `/opt/isiro/venv/bin/python` rọ́pò `/usr/bin/python3`.

StateDirectory máa dá fódà `/var/lib/isiro` sílẹ̀, á sì fi í sórúkọ aṣàmúlò isiro. Ibẹ̀ ni kí fáìlì dátà máa gbé. Bí ẹ bá fi dátà SQLite sílẹ̀ nínú `/opt/isiro`, tí fódà yẹn sì jẹ́ ti root, ètò á ka owó àná fún yín, ṣùgbọ́n kò ní lè kọ tòní: "attempt to write a readonly database". Ní ti PYTHONUNBUFFERED, Python máa ń di ọ̀rọ̀ print mọ́ra bí kò bá rí tẹ́mínà. Ìlà yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé inú àkọsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí kò bá dìde, `systemctl status isiro` á fi nọ́ńbà kan hàn yín. 203/EXEC: ọ̀nà tó wà ní ExecStart kò tọ́, tàbí fáìlì náà kò ní àyè láti ṣiṣẹ́, tàbí ìlà `#!` tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí kò sí. Èyí wọ́pọ̀ bí wọ́n bá fi Windows kọ script náà, torí àmì ìparí ìlà ti Windows máa ń lẹ̀ mọ́ `#!` yẹn. 217/USER: aṣàmúlò náà kò sí. 200/CHDIR: fódà WorkingDirectory kò sí. Bó bá jẹ́ 1/FAILURE, ètò fúnra rẹ̀ ló ṣubú, `journalctl -u isiro -n 50` á sì sọ ohun tó pa á.

Ẹ tún kíyè sí i pé `on-failure` kì í gbé ètò tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà 0 dìde. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹ fi `Restart=always` sí i.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Àyétòrò, èmi ni mo ń mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà. Ètò ìdánwò wa wà lórí systemd, ó ń lo PostgreSQL (ètò ìpamọ́ dátà), àdírẹ́sì 192.168.1.10 ló sì ń gbọ́ lé. Bí iná bá dé lẹ́yìn tó ti lọ, kì í dìde. Ohun tí mo rí ni "OSError: [Errno 99] Cannot assign requested address", lẹ́yìn náà "Start request repeated too quickly". Bí mo bá tàn án fúnra mi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àkọsílẹ̀ tí ẹ kọ ránṣẹ́ yìí ti sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà àti ráútà jọ tàn pọ̀ ni, ráútà sì máa ń pẹ́ jù ú lọ kó tó ṣetán. Sáfíìsì yín fẹ́ dì mọ́ àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ náà kò tíì ní. Ó ṣubú. systemd dúró fún ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, torí iye tí RestartSec ní nìyẹn bí a kò bá yí i padà, ó sì tún un gbé. Ó tún ṣubú. Bó bá ti gbé e lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ó pa á tì. Ráútà kò tíì tan iná rẹ̀ tán nígbà yẹn.

Ìwòsàn tó dára jù ni kí ètò náà máa gbọ́ lórí 0.0.0.0 dípò 192.168.1.10. 0.0.0.0 kì í dúró de àdírẹ́sì kankan. Ẹ wá fi ufw, ètò ààbò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti Ubuntu, dí pọ́ọ̀tù náà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá sí lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yàrá yẹn. Bí ẹ kò bá lè yí ètò náà padà, ẹ fi ìlà wọ̀nyí sábẹ́ [Unit]:

```
Wants=network-online.target postgresql.service
After=network-online.target postgresql.service
```

Méjèèjì ló pọn dandan. After ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde, kì í pe ẹnikẹ́ni wá. Wants ń pè é wá, kì í sọ ẹni tó máa ṣáájú. `After=network.target` tí ẹ máa ń rí níbi gbogbo kò sì ṣèlérí pé àdírẹ́sì ti wà. network-online gan-an ní òpin sùúrù rẹ̀: lábẹ́ systemd-networkd, ìṣẹ́jú méjì ni. Bí ráútà bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la tún padà sí. Nítorí náà, ẹ fi `RestartSec=10` sábẹ́ [Service]. Ìgbà márùn-ún kò lè pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 mọ́, systemd á sì máa gbìyànjú títí á fi yọrí.

Bí ẹ bá fẹ́ yí òǹkà yẹn fúnra rẹ̀ padà, abẹ́ [Unit] ni StartLimitIntervalSec àti StartLimitBurst ń gbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ StartLimitIntervalSec sábẹ́ [Service], systemd á sì fò ó. `systemd-analyze verify /etc/systemd/system/idanwo.service` á fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ hàn yín kí ẹ tó lò ó. Èyí tó ti wà ní ipò failed, `sudo systemctl reset-failed idanwo` ló ń tú u sílẹ̀.

Ẹ má lo Requires fún PostgreSQL láìnídìí. Ẹni tó bá pa PostgreSQL tàbí tún un tàn nígbà ìdánwò ti pa ètò ìdánwò mọ́ ọn nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí "active (exited)" lẹ́gbẹ̀ẹ́ postgresql lórí Ubuntu tàbí Debian, ẹ má bẹ̀rù. Ìbòjú lásán nìyẹn. Ojúlówó rẹ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀dà lára orúkọ, bíi `postgresql@16-main`.

Ìbéèrè: Mo fi LimitNOFILE (òpin iye fáìlì tí sáfíìsì lè ṣí lẹ́ẹ̀kan) kún `/lib/systemd/system/nginx.service`. Lẹ́yìn apt upgrade, ó ti lọ. (Alákòóso wẹ́ẹ̀bù, Ìta Olóòkan)

Ìdáhùn: Fódà àwọn tó ṣe Debian nìyẹn, wọ́n lè pa á rẹ́ nígbàkigbà. `sudo systemctl edit nginx` ni kí ẹ lò: á kọ ìyípadà yín nìkan sí `/etc/systemd/system/nginx.service.d/override.conf`, kò sì sí apt tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí kọ [Service] sókè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ExecStart lẹ fẹ́ yí padà, ẹ kọ́kọ́ kọ `ExecStart=` lásán sórí ìlà kan láti nu ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. `systemctl cat nginx` ń fi gbogbo rẹ̀ hàn pọ̀; `systemctl revert nginx` ń dá a padà sí bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Ilé ìtajà oògùn la ní ní Alékúwodò. Cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ dátà wa láago méjì òru, ṣùgbọ́n a máa ń pa gbogbo ẹ̀rọ tí a bá ti ń lọ sílé. Ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Ìdáhùn: Cron kì í padà sẹ́yìn: bí aago méjì bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, ó ti kọjá náà nìyẹn. Timer ti systemd lè rántí. Ẹ dá fáìlì méjì sílẹ̀ nínú `/etc/systemd/system`. `ipamo.service` ní ìlà mẹ́ta péré:

```
[Service]
Type=oneshot
ExecStart=/usr/local/sbin/ipamo.sh
```

`ipamo.timer` sì nìyí:

```
[Timer]
OnCalendar=*-*-* 14:00:00
Persistent=true
RandomizedDelaySec=5min

[Install]
WantedBy=timers.target
```

A ti gbé e sí aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Persistent ló ń ṣe iṣẹ́ ìrántí: bí àkókò bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, á ṣe é nígbà tí ẹ bá tàn án, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí a kọ yẹn. Timer ni kí ẹ enable, ẹ má enable service: `sudo systemctl enable --now ipamo.timer`. `systemctl list-timers` á sọ ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn àti ìgbà tó kàn.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù wà nínú script. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ `mysqldump ... | gzip > ipamo.sql.gz`. Bí mysqldump bá ṣubú láàárín, gzip á parí iṣẹ́ tirẹ̀ láyọ̀, systemd á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọrí. Fáìlì á wà níbẹ̀, kò ní sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ fi `#!/bin/bash` bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ `set -euo pipefail` tẹ̀lé e, kí ẹ lo `--single-transaction` fún mysqldump bó bá jẹ́ InnoDB. Ẹ kọ ẹ̀dà náà sí orúkọ ìgbà díẹ̀ ná, kí ẹ wá fi `mv` sọ ọ́ ní orúkọ gidi lẹ́yìn tó bá parí. Kí ẹ sì gbìyànjú dídá ẹ̀dà kan padà sórí ẹ̀rọ mìíràn kí oṣù yìí tó tán.

Ẹ wo déètì ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bí bátìrì kékeré CR2032 orí bọ́ọ̀dù bá ti kú, déètì á máa padà sẹ́yìn nígbàkigbà tí iná bá lọ, timer á sì dàrú. `timedatectl` gbọ́dọ̀ sọ pé "System clock synchronized: yes".

Ìbéèrè: `/var/log/journal`, fódà àkọsílẹ̀ systemd, ti gba gíìgì mẹ́rin lórí dísìkì wa. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi rm pa á. `sudo journalctl --vacuum-size=300M` á gé èyí tó pẹ́ jù kúrò. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi `SystemMaxUse=300M` sínú `/etc/systemd/journald.conf`, kí ẹ sì tún systemd-journald tàn. Bí a kò bá kọ nǹkan kan, ìdámẹ́wàá dísìkì ló máa ń gbà, kò sì ní kọjá gíìgì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé e, ẹ wo ẹni tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀: sáfíìsì kan tó ń kú tó sì ń jí lójoojúmọ́ ló sábà máa ń kún ibẹ̀.

Ìbéèrè: A ra UPS, síbẹ̀ dátà MariaDB wa bàjẹ́ nígbà tí iná pẹ́ kó tó dé. Kí ni UPS wúlò fún? (Ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítòsí Ọjà Ọba)

Ìdáhùn: UPS ra àkókò díẹ̀ fún yín, kò sọ fún kọ̀ǹpútà pé iná ti lọ. Nígbà tí bátìrì tán, ẹ̀rọ kú lójijì bíi pé kò sí UPS. Ẹ ní láti so wọ́n pọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn UPS náà bóyá ó ní ihò USB. Bí kò bá ní USB tàbí ihò dátà mìíràn, kò sí sọ́fítíwíà tó lè bá a sọ̀rọ̀; bí ínfátà yín kò bá ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bó bá ní, ẹ so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà, `sudo apt install nut`, kí ẹ sì tẹ `sudo nut-scanner -U`. Á sọ orúkọ dírábà tó bá a mu. Ẹ kọ ọ́ sínú `/etc/nut/ups.conf`, fún àpẹẹrẹ:

```
[ile]
driver = usbhid-ups
port = auto
```

Nínú `nut.conf`, ẹ kọ `MODE=standalone`. Ẹ dá aṣàmúlò kan sínú `upsd.users` pẹ̀lú páásíwọọ̀dù àti ìlà `upsmon primary`, kí ẹ sì fi ìlà MONITOR tó bá a mu sínú `upsmon.conf`. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tẹ `upsc ile@localhost`. `ups.status: OL` túmọ̀ sí pé iná wà, OB, orí bátìrì la wà, LB, bátìrì ti ń tán.

Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, NUT (ètò `nut` tí ẹ gbé sórí ẹ̀rọ yẹn) á dúró de LB kó tó pa ẹ̀rọ. Pẹ̀lú bátìrì tó ti lo ọdún méjì, LB lè má dé rárá: á sọ pé òun ṣì kún, á sì kú. Nítorí náà ẹ lo upssched, kó máa pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tí iná bá ti lọ, àfi tí iná bá dé kó tó pé. Nínú `upssched.conf`:

```
AT ONBATT * START-TIMER paa 120
AT ONLINE * CANCEL-TIMER paa
```

Script tí CMDSCRIPT ń tọ́ka sí á wá ṣe `upsmon -c fsd` tó bá gba ọ̀rọ̀ "paa". Nínú `upsmon.conf`, NOTIFYCMD gbọ́dọ̀ jẹ́ upssched, NOTIFYFLAG ti ONBATT àti ONLINE sì gbọ́dọ̀ ní EXEC. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, gbogbo ìyókù á wà ní ipò rẹ̀, ohunkóhun kò sì ní ṣẹlẹ̀.

Ẹ bi systemd bí sùúrù rẹ̀ sí MariaDB ṣe gùn tó nígbà pípa: `systemctl show -p TimeoutStopUSec mariadb`. Tó bá pé kí MariaDB tó kú fúnra rẹ̀, systemd kì í dúró dè é mọ́. Ìṣẹ́jú méjì yín àti àkókò yìí gbọ́dọ̀ jọ wọ inú agbára bátìrì. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ UPS kúrò lára ògiri ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Ní ti dídìde padà, ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bí iná bá dé, kí ẹ sì fi í sí títàn.

Ìbéèrè: Ṣé ó burú kí n kọ páásíwọọ̀dù dátà sínú fáìlì .service?

Ìdáhùn: Ó burú. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ẹ̀rọ náà lè fi `systemctl cat` kà á. Ẹ kọ ọ́ sínú `/etc/isiro.env`, ẹ ṣe é ní `chmod 600` kí root jẹ́ olówó rẹ̀, kí ẹ sì fi `EnvironmentFile=/etc/isiro.env` rọ́pò rẹ̀. systemd ló ń ka fáìlì yẹn kó tó bọ́ agbára root sílẹ̀, nítorí náà aṣàmúlò isiro kò nílò àyè láti ṣí i. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ fi `NoNewPrivileges=yes`, `PrivateTmp=yes`, `ProtectHome=yes` àti `ProtectSystem=strict` kún un. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo dísìkì di kíkà nìkan fún sáfíìsì náà. Fódà StateDirectory ṣì ṣeé kọ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wọ́n sí i, kí ẹ lè mọ èyí tó dí ètò lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò sí systemd lórí Alpine (irú Linux kan) àti FreeBSD (irú ètò ẹ̀rọ mìíràn) tí mò ń kọ́. Báwo ni sáfíìsì ṣe ń dìde padà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Lórí Alpine, OpenRC ni: `rc-update add isiro default` dípò enable, `rc-service isiro start` dípò start. Fúnra rẹ̀, OpenRC kì í gbé ètò tó kú dìde; ẹ kọ `supervisor="supervise-daemon"` sínú script `/etc/init.d/isiro`, kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí FreeBSD, `sysrc isiro_enable="YES"` àti `service isiro start`; ètò `daemon` pẹ̀lú `-r` ló ń gbé e dìde. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà kan níbẹ̀: `-p` kékeré ń kọ nọ́ńbà ètò yín sínú fáìlì PID, `-P` ńlá ń kọ nọ́ńbà alábòójútó. Bí ẹ bá lo `-p` pẹ̀lú `-r`, `service isiro stop` á pa ètò náà, alábòójútó á sì gbé e dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. `-P` ni kí ẹ lò.